Ẹja Tuntun: Kí Ẹ Tó Dà Á Mọ́ Ti Ilé



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìyá mẹ́fà kan nínú ìjọ wa dá àjọ, wọ́n sì fi owó náà mọ táńkì ẹja sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú wọn. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n fẹ́ sìn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní silure. Wọ́n ra ọmọ ẹja 300, wọ́n dà á sínú omi, wọ́n sì ń bọ́ ọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn ẹja náà ti gùn ju ìka àárín lọ, ara wọn ń dán, bí ẹ bá sì sọ oúnjẹ sí wọn, ńṣe ni omi náà ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ lórí iná. Inú gbogbo wa dùn. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni àwọn ìyá náà ń rí nínú omi yẹn.

Nígbà náà ni wọ́n rí ọmọ ẹja 200 mìíràn rà ní ọjà, ní owó tí kò pọ̀. Táńkì ṣì láàyè. Ìyá tí táńkì wà ní ilé rẹ̀ bi mí léèrè pé: « Olùkọ́, ṣé kí a dà wọ́n pọ̀ lónìí, àbí kí a kọ́kọ́ fi wọ́n sí ibì kan ná? » Èmi ni mo dáhùn pé: « Ìyá, ẹja kan náà ni gbogbo wọn, ẹ dà wọ́n pọ̀. » N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹrin, a rí i tí díẹ̀ nínú àwọn tuntun ń fi ara ha ògiri táńkì. Ní ọjọ́ kẹfà, àmì funfun kéékèèké bí iyọ̀ ti hàn ní ara àwọn ti àtijọ́ pàápàá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kọkànlá, nínú ẹja 500, a kò rí 40 kó jọ.

Ìyá náà kò bá mi wí. Ó kàn sọ pé: « Olùkọ́, ó ti tán nìyẹn. » Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lọ́kàn mi ju ìbáwí lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè, tí mo ń ka ìwé, tí mo sì ń lọ jókòó ti àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín níhìn-ín, nítorí pé láti Àjàṣẹ́ dé Ṣakété, láti Pọbẹ̀ dé Kétu, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní táńkì tàbí adágún ẹja. Ní Àjàṣẹ́ pàápàá, ibùdó Songhaï tí àlùfáà ẹgbẹ́ Dominiki kan, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní 1985, ti fi han ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ pé ẹja sísìn jẹ́ iṣẹ́ tí ó lè bọ́ ilé.

Kí ni ó pa ẹja wa? Kòkòrò kan ni, tí orúkọ rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ: Ichthyophthirius. Àwọn Faransé ń pe àrùn rẹ̀ ní maladie des points blancs, àrùn àmì funfun. Kòkòrò yìí a máa wọ abẹ́ awọ ẹja, yóò jẹun níbẹ̀ títí yóò fi tóbi tó ohun tí ojú lè rí. Òun ni àmì funfun náà. Bí ó bá yó, yóò já bọ́ sínú omi, yóò lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ táńkì, yóò fi àpò bo ara rẹ̀, yóò sì pín ara rẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ náà yóò tú jáde, wọn yóò máa wá ẹja tí wọn yóò wọ̀. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, gbogbo ìrìn àjò yìí kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin ti tó. Ẹja kan tí ó gbé àmì mẹ́ta wọ inú táńkì yín ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣírò ohun tí yóò wà nínú omi náà ní ọjọ́ Àìkú kejì.

Ohun méjì ni kí ẹ dì mú nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé kòkòrò náà lè fi ara pamọ́ sí ibi pupa tí ẹja fi ń mí, lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí àmì kankan má sì hàn ní ara ẹja ní ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹni tí ó tà á lè má mọ̀. N kò sọ pé olè ni. Èkejì ni pé kò sí ohun tí ẹ lè dà sínú omi tí yóò pa kòkòrò náà nígbà tí ó wà lábẹ́ awọ tàbí nínú àpò rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wẹ̀ kiri nìkan ni ọwọ́ wa lè tẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú ọjọ́ kan kò fi ń wo ẹja sàn.

Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí ń sin ẹja òkun aláràbarà nínú àpótí dígí, fún ìran wíwò, kì í ṣe fún ọbẹ̀. Omi iyọ̀ ni tiwọn, ṣùgbọ́n irú àrùn yìí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Cryptocaryon ni orúkọ kòkòrò tirẹ̀, bákan náà sì ni ó ṣe ń já bọ́ tí ó ń pín ara. Ẹja kan ṣoṣo nínú èyí tí wọ́n ń rà lè gbowó bíi ti ewúrẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹja tuntun wọ inú àpótí ńlá kí ó tó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní òun nìkan nínú àpótí kékeré. Bí ẹni tí ń fi ẹja ṣe ọ̀ṣọ́ bá lè ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí ẹni tí ń fi ẹja san owó ilé ìwé ṣe?

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni à ń pè ní quarantaine ní èdè Faransé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: quarante ni ogójì. Ní 1377, ìlú Ragusa létí òkun Adriatiki, tí à ń pè ní Dubrovnik lónìí, pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà bọ̀ yóò kọ́kọ́ lo ọgbọ̀n ọjọ́ níta kí ó tó wọ ìlú. Nígbà tí ó yá ó di ogójì ọjọ́, bí iye ọjọ́ Ààwẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí Ragusa tó wà, orí 13 nínú Ìwé Léfítíkù ti sọ bí àlùfáà yóò ṣe sé ẹni tí àmì bá hàn ní awọ ara rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ méje, tí yóò tún un wò ní ọjọ́ keje, tí yóò sì fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí nǹkan kò bá dá a lójú. Mo ti ka orí yẹn ní ìgbà púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé yóò wúlò fún mi lẹ́bàá táńkì ẹja.

Fún ẹja tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dára. Àgbá oníke tí ó gba lítà 200 ti tó fún ọmọ ẹja díẹ̀, bí kò bá ti gba epo tàbí oògùn oko rí. Ẹ gbé e sí abẹ́ igi, ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀, nítorí pé ẹja àrọ̀ a máa fò jáde lóru, àárọ̀ ni ẹ óò sì tó rí i lórí ilẹ̀, bí ológbò kò bá ti ṣáájú yín rí i. Ẹ jẹ́ kí àgbá yìí ní garawa tirẹ̀ àti àwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ẹja àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tuntun, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ tútù kan ti tó láti gbé àrùn láti inú omi kan dé òmíràn.

Bí wọ́n bá dé nínú ọ̀rá, ẹ má tú ọ̀rá náà kíá. Ẹ jẹ́ kí ó léfòó lórí omi àgbá fún bí 20 ìṣẹ́jú, kí ooru omi méjèèjì lè bá ara wọn mu, kí ẹ sì máa bu omi àgbá sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja nìkan, kí ẹ sì da omi tí wọ́n bá rìn sórí ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń kó ọmọ ẹja láti inú odò Wẹ̀mẹ̀ tàbí láti ọ̀sà Nokoué. Sùúrù tí ẹ óò ní fún irú ìwọ̀nyẹn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọ̀sà yẹn kì í dúró lójú kan: nígbà ìkún omi, Wẹ̀mẹ̀ a fọ iyọ̀ inú rẹ̀ jáde, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a tún padà wọlé. Ẹja tí a gbé láti inú omi oníyọ̀ jù sínú omi kànga ní ìṣẹ́jú kan á rẹ̀, ara tí ó bá sì rẹ̀ ni àrùn ń bá jà.

Nísinsin yìí, kí ni kí ẹ máa wò? Ìgbà méjì lóòjọ́ ni kí ẹ lọ dúró ti àgbá náà: ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àti ní àkókò oúnjẹ. Ẹ má gbọn ọwọ́ sí omi, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, ẹ kàn dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹja tí ó bá ń ṣàìsàn á dúró ní òun nìkan. Ẹ tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin irú ẹja méjì tí a sábà máa ń sìn. Ẹja àrọ̀ ní ohun tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà bí ó bá gòkè, tí ó gbé afẹ́fẹ́ mì, tí ó sì padà sísàlẹ̀, ìlera ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró ní òró, tí ẹnu rẹ̀ wà lókè tí ìrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí kò sì sá nígbà tí òjìji yín bá kọjá lórí omi, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹpìyà, tí ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ìwé ń pè ní tilapia, kò ní ẹ̀bùn yẹn. Òun ní tirẹ̀, bí ó bá ń la ẹnu lókè omi, atẹ́gùn inú omi ni kò tó o, tàbí kí ibi tí ó fi ń mí ti bàjẹ́.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ èwo ni ó jẹ́ nínú méjèèjì? Ọ̀kan nínú àwọn tí mo lọ bá kọ́ mi ní ohun tí n kò gbàgbé. Bí gbogbo ẹja bá ṣàìsàn ní wákàtí kan náà, omi ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan lónìí, mẹ́ta lọ́la, mẹ́wàá ní ọ̀túnla, àrùn ni. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni atẹ́gùn máa ń kéré jù nínú omi, nítorí náà bí gbogbo ẹpìyà bá ń la ẹnu kí oòrùn tó yọ, tí ara wọn sì balẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ pààrọ̀ omi. Bí oòrùn bá ti wà ní àtàrí tí àwọn bíi mélòó kan ṣì ń mí gúle-gúle, ẹ gbé ọ̀kan, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò. Ó yẹ kí inú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí ó bá ṣì funfun ràndànràndàn, tàbí tí ohun yíyọ̀ bò ó, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Bí ó bá dúdú bí omi kọfí, ìdọ̀tí omi ló ti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Omi ni kí ẹ tọ́jú.

Ara ẹja náà ní ohun tí ó ń wí. Ẹja tí ó bá ń sáré lọ fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri tàbí òkúta ń yún ni. Èyí ni àmì tí ó sábà máa ń ṣáájú gbogbo àmì yòókù, òun náà sì ni àwa rí ní ọjọ́ kẹrin tí a fi rẹ́rìn-ín, tí a ní wọ́n ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ni àmì funfun á dé, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i lára. Bí funfun náà bá rí bí òwú tí ó so mọ́ ojú ọgbẹ́, olú omi ni, ó sì sábà máa ń hù níbi tí àwọ̀n tàbí ọwọ́ ti bó ẹja lára. Bí àwọ̀ ẹ̀yìn bá ṣí, tí ó dà bí gàárì ẹṣin tí a gbé lé ẹ̀yìn rẹ̀, àrùn mìíràn ni ìyẹn, a máa pa ẹja láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wo ìdí lẹbẹ: bí ó bá pọ́n, tàbí tí etí lẹbẹ bá ń fà ya, ẹ fi ẹja náà sọ́tọ̀. Ikùn tí ó wú tí ìpẹ́ fi dìde dúró lára ẹpìyà, ojú tí ó yọ síta, ẹja tí ń yí po lójú kan bí òkòtó, àwọn wọ̀nyí kì í sábà sàn mọ́. Ẹ má fi owó oògùn ṣòfò lé wọn. Ẹ dáàbò bo àwọn tí ó kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú yín rí àrùn níbi tí kò sí. Ẹja tuntun lè má jẹun ní ọjọ́ kìíní, àní ní ọjọ́ kejì. Ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti fẹ́ sin àgbà ẹpìyà kan láàyè nítorí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò jẹun, tí ọ̀fun rẹ̀ sì wú. Ìyá ọlọ́mọ ni. Ẹpìyà abo a máa kó ẹyin rẹ̀ sẹ́nu, a sì máa gbé àwọn ọmọ náà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìjẹun. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó tú wọn sí ọwọ́ baálé ilé náà.

Bí ẹ bá rí àmì nínú àgbá, omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, nítorí níbẹ̀ ni àwọn àpò kòkòrò lẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi omi mímọ́ tí ooru rẹ̀ bá ti inú àgbá mu dípò. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Èkejì ni iyọ̀ ìdáná lásán. Gíráàmù 3 sí lítà kan, èyí jẹ́ gíráàmù 600 fún àgbá lítà 200; ẹ yọ́ ọ nínú garawa kí ẹ tó dà á, kí ẹ sì pín in sí ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá pààrọ̀ omi, ẹ fi iyọ̀ tí ó bá ohun tí ẹ yọ kúrò mu padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ mú un dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, bí àmì funfun tilẹ̀ ti lọ ní ọjọ́ kẹta, nítorí pé lílọ tí ó lọ kì í ṣe ikú. Ó lọ bímọ ni. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ kíyè sí jù, pàápàá ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí òtútù òru ń mú: omi tí ó bá tutù lójijì ni àrùn yìí fẹ́ràn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí inú mi kò dùn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra oògùn oníhóró aláwọ̀ méjì ní ọjà, wọ́n ń tú u sínú táńkì. Oògùn yẹn kò pa kòkòrò àmì funfun rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn àrùn mìíràn bí wọn yóò ṣe máa fara dà á, títí di ọjọ́ tí ọmọ yín fúnra rẹ̀ yóò nílò oògùn kan náà tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kan tún ń lo oògùn aláwọ̀ ewé tí à ń pè ní vert malachite. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kù nínú ẹran ẹja, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti fòfin dè é fún ẹja jíjẹ. Bí omi àti iyọ̀ kò bá tó, ẹ pe ẹni tí ó kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, kí ó wo ẹja náà kí ó tó dárúkọ oògùn. Ẹja tí ó bá kú, ẹ yọ ọ́ ní wákàtí kan náà, ẹ sin ín síbi tí ó jìnnà sí kànga. Ẹ má jù ú sí odò. Ẹ má sì kó àwọn tí ń kú lọ lọ sí ọjà ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ bá a; ẹ mọ ẹni tí ó ń rà á.

Ní ti táńkì tí àrùn ti kọjá nínú rẹ̀, ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹ fọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò náà kò lè pẹ́ níbi tí kò sí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fara da gbígbẹ.

Àwọn ìyá mẹ́fà náà tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan ni ó gbà wọ́n láti tún dá àjọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò. Àgbá oníke wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé yẹn báyìí, àwọ̀n rẹ̀ ń gbẹ lórí ọgbà. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn Mísà, ọmọ ẹja 150 wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kejìlá nìyẹn, mẹ́ta ti kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sì tún sí òmíràn. Mo ní ó dà bí ẹni pé ara wọn ti yá. Ìyá náà wò mí, ó ní: « Olùkọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. »